Àwọn Níńjà: Èyí Tí Ó Wà Rí àti Èyí Tí A Fi Ṣeré

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ìdajì ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lálẹ́ òní, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí mo bá ní kí ẹnikẹ́ni nínú yín ya níńjà fún mi, kíá ni yóò yà á: ẹni tí ó wọ dúdú látòkè délẹ̀, tí ó fi aṣọ bojú tí ẹyinjú rẹ̀ nìkan hàn, tí ó gbé idà kọ́ ẹ̀yìn, tí ó ń fò láti orí òrùlé kan bọ́ sí òmíràn bí ológbò. Ẹ ti rí i nínú sinimá àti nínú ìwé aláwòrán, ẹ sì ti fi ọwọ́ ara yín darí rẹ̀ nínú géèmù. Ǹjẹ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà rí láyé?

Ó wà. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á lọ sí ilẹ̀ Jàpáánì, ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ogun ni gbogbo ilẹ̀ náà nígbà náà, olóyè ń gbé ogun ti olóyè, ó sì ju 100 ọdún lọ kí apá ẹnìkan tó ká a. Láàárín wàhálà yìí ni àgbègbè méjì kan wà tí òkè yí ká, Iga àti Koga. Ní Iga, kò sí ọba ńlá tí ó jókòó lé wọn lórí. Àwọn onílẹ̀ kéékèèké, tí wọ́n ń dáko tí wọ́n sì ń jagun, ni wọ́n ń péjọ tí wọ́n ń fi ẹnu kò, tí wọ́n sì ń ṣe òfin fún ara wọn. Nítorí pé wọn kò pọ̀, wọ́n kọ́ irú ìjà tí ẹni tí kò lágbára fi ń gba ara rẹ̀ là: kí a ṣe amí, kí a wọ odi ọ̀tá lóru, kí a ti iná bọ̀ ọ́, kí a sì sá kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn olóyè ibòmíràn a máa bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. *Shinobi* ni wọ́n sábà ń pe irú wọn. Orúkọ *ninja* tí ó wà lẹ́nu yín yìí, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó tó di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ.

Aṣọ dúdú ńkọ́? Ẹ rò ó wò. Ẹni tí a rán lọ ṣe amí ìlú ọ̀tá, bí ó bá wọ aṣọ tí gbogbo ayé fi ń dá amí mọ̀, ṣé kì í ṣe pé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ikú? Ìwé kan tí ń jẹ́ Shoninki, tí wọ́n kọ ní 1681, ka ìmúra méje sílẹ̀ tí amí lè fi bo ara rẹ̀. Ó lè ṣe bí àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, bí ẹni tí ń fun fèrè kiri tọrọ bárà, bí àwọn tí ń gbààwẹ̀ lórí òkè, bí oníṣòwò, bí eléré, bí apidán, tàbí kí ó kúkú ṣe bí ará ìlú lásán. Iṣẹ́ wọn pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ sísọ àti etí dídẹ̀ ju inú idà lọ.

Ní 1579, ọmọ Oda Nobunaga, olóyè tí ó lágbára jù lọ nígbà náà, gbógun wọ Iga. Wọ́n lé e padà pẹ̀lú ìtìjú. Bàbá rẹ̀ kò gbàgbé. Ní 1581, Nobunaga fi ọmọ ogun tí ó ju 40,000 lọ yí àgbègbè kékeré náà ká. Wọ́n sun abúlé, wọ́n sun tẹ́ḿpìlì, wọ́n pa ènìyàn lọ súà. Ibẹ̀ ni ìjọba àjùmọ̀ṣe àwọn onílẹ̀ Iga parí sí. Èyí kì í ṣe eré o, ẹ̀yin ọmọ.

Nígbà tí ó di 1582, ọ̀kan nínú àwọn balógun Nobunaga dìtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì kú. Tokugawa Ieyasu, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wà lájò pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀, ikú sì ń bẹ lọ́nà. Hattori Hanzo, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Iga, àti àwọn ará Iga àti Koga ni wọ́n bá a la àárín òkè kọjá délé. Ieyasu yìí ni ó di olórí gbogbo Jàpáánì ní 1603. Ó gba àwọn ará Iga síṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ẹ̀ṣọ́ ààfin ní Edo, ìlú tí à ń pè ní Tokyo lónìí. Àlàáfíà wá fi ohun tí ó ju 250 ọdún jókòó, iṣẹ́ amí ogun sì dínkù.

Níbi tí iṣẹ́ ti tán ni àròsọ ti gbérí. Ní 1817, Hokusai, ayàwòrán pàtàkì, ya ọkùnrin kan tí ó wọ dúdú tí ó ń pọ́n okùn. Láti 1839 ni ìwé ìtàn Jiraiya bẹ̀rẹ̀ sí jáde: akọni tí ó ní oògùn ọ̀pọ̀lọ́, tí Tsunade ìyàwó rẹ̀ ní ti ìgbín tí kò ní ìkarahun, tí Orochimaru ọ̀tá wọn sì ní ti ejò. Wọ́n fi ṣe sinimá ní 1921, nígbà tí sinimá kò tíì máa fọhùn. Láti 1911 ẹ̀wẹ̀, àwọn ìwé kékeré olówó pọ́ọ́kú ń jáde ní Osaka, inú wọn ni Sarutobi Sasuke ti di ààyò àwọn ọ̀dọ́. Bí ẹni tí ó lo àféèrí ni Sasuke ṣe ń pòórá. Àwọn òǹkọ̀wé ni wọ́n dá a. Kò sí ìyá tí ó bí i.

Ní tèmi, àwọn tí ó súnmọ́ òtítọ́ jù ni iṣẹ́ Shirato Sanpei, tí ó ya ìwé aláwòrán láàárín 1959 sí 1962 nípa níńjà àti àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n dìde sí àwọn olóyè, àti sinimá *Shinobi no Mono* ti 1962, níbi tí kò ti sí oògùn kankan, àfi tálákà tí ọ̀gá rẹ̀ ń lò bí irinṣẹ́.

Nígbà tí àwọn òyìnbó gbà á, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní 1967 níńjà wà nínú sinimá James Bond. Nínú *Enter the Ninja* ti 1981, Franco Nero, ará Ítálì, ni níńjà olóòótọ́, Sho Kosugi tí í ṣe ọmọ Jàpáánì ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀tá! Ní 1984, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Kevin Eastman àti Peter Laird, fi ìjàpá mẹ́rin ṣe níńjà láti fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà sì di òwò ńlá. Ní Bìrìtìkó, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ “ninja” kúrò nínú orúkọ eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ó le jù fún ọmọdé. Nínú géèmù *Mortal Kombat* ti 1992, ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n yà fún Scorpion àti Sub-Zero. Àwọ̀ aṣọ ni wọ́n kàn yí padà.

Naruto ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Kishimoto Masashi kọ ọ́ láti 1999 di 2014. Amí ni a pe ọmọ náà, síbẹ̀ aṣọ aláwọ̀ ọsàn ni ó ń wọ̀, ó sì ń fi ariwo pe orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn àgbà tí ó yí i ká: Jiraiya ọlọ́pọ̀lọ́, Tsunade, Orochimaru elejò. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìtàn tuntun ni ẹ ń kà, ìtàn 1839 ni ó tún jí dìde.

Ní Yunifásítì Mie, ní ìpínlẹ̀ tí Iga wà, wọ́n dá ibùdó ìwádìí nípa níńjà sílẹ̀ ní 2017, wọ́n sì ń tú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ wò. Ní Tokyo, ẹnubodè ààfin ọba kan ń jẹ́ orúkọ Hanzo títí di òní, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kan sì ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú.