Èdè Gẹ́gẹ́ Bí Òṣùwọ̀n: Iṣẹ́ Lámèyítọ́ Lórí Ìtàn Àròsọ Làìbéríà, 1891–2018

Ìfáàrà

Nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìtàn ọ̀daràn, ìtàn ìfẹ́ àti ìtàn àràmàǹdà kì í sábà rí àyè tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló náwó sí títẹ̀ ìwé náà, tàbí pé ilé-ìtẹ̀wé kékeré kan ló gbé e jáde, ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ni kò ní ṣí i wò rárá. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìpìlẹ̀ ìtàn àròsọ Làìbéríà nù. Ó tún fi hàn pé èdè ni òṣùwọ̀n tí àwọn lámèyítọ́ máa ń lò jù, ìbáà jẹ́ láti yin ìwé tàbí láti tẹ́ ẹ. Ìwé mẹ́ta tí àwọn ọmọ Làìbéríà kọ ni a gbé yẹ̀ wò, a sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ṣe àfiwé.

Guanya Pau: Ìwé tó sọnù tí a tún rí

Ní 1891, Joseph Jeffrey Walters, ọmọ Vai láti Làìbéríà tí ó ń kàwé ní Oberlin College ní ìpínlẹ̀ Ohio, gbé ìwé Guanya Pau jáde ní ìlú Cleveland. Ọmọ ọba Vai kan ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Ó sá kúrò nílé nítorí pé wọ́n fẹ́ fi í fún ọkọ tí kò wù ú. Ìtàn ewu àti ìsápamọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwàásù ẹ̀sìn Kírísítì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni lára àwọn ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ tí ọmọ Áfíríkà kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí a tó tún un tẹ̀.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ẹ̀dà 1994, tí ilé-ìtẹ̀wé University of Nebraska gbé jáde, ni Oyèékàn Owómóyèlà, ọ̀mọ̀wé ọmọ Yorùbá. Ní 2004, ẹ̀dà mìíràn jáde láti ọwọ́ Gareth Griffiths àti John Victor Singler. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni Singler, Gẹ̀ẹ́sì Làìbéríà sì ni pápá ìmọ̀ rẹ̀. Èyí yẹ ní àkíyèsí. Ìwé tí àwọn lámèyítọ́ ti gbàgbé rí olùgbàlà láàárín àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ èdè àti àṣà, nítorí pé irú wọn lè rí ẹ̀rí ìtàn àti ti èdè níbi tí ẹlòmíràn ti rí ìwàásù àti eré ìfẹ́ nìkan.

Murder in the Cassava Patch: Ìtàn ọ̀daràn di ìwé ilé-ẹ̀kọ́

Ìwé kejì jáde ní 1968. Òǹkọ̀wé rẹ̀ ni Bai T. Moore, akéwì tí ó tún di ipò mú nínú iṣẹ́ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àṣà. Ìtàn ìpànìyàn ni, bí orúkọ rẹ̀ ti sọ: a rí òkú ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Tene, nínú oko ẹ̀gẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni asọ̀tàn. Gortokai, ẹni tí ẹ̀sùn náà kàn, ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ìfẹ́ àti ìjákulẹ̀ tó gbé e dé ibẹ̀.

Ìwé náà kéré, kò sì sí orúkọ ilé-ìtẹ̀wé ńlá Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó gbà á là ni pé ó wọ inú ìwé kíkà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìran akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìran ní Monrovia ló kà á, ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989 tí ó sì parí ní 2003 kò sì pa á rẹ́ ní ọkàn wọn. Níhìn-ín, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́: ní kíláàsì ni wọ́n ti ń jiyàn bóyá Gortokai jẹ̀bi pátápátá tàbí àwọn ará ilé Tene ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà.

Àfiwé láti Èkó

Irú èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Láti 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé Ṣẹ̀gilọlá díẹ̀díẹ̀ nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tirẹ̀. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà wá. Ẹnì kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí Ṣẹ̀gilọlá bí ẹni pé ènìyàn gidi ni. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni àgbéyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí ìwé náà rí, Karin Barber sì tẹ díẹ̀ lára wọn mọ́ ìtàn náà ní 2012.

Ti Amos Tutuola yàtọ̀. Nígbà tí The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952, Dylan Thomas yìn ín nínú The Observer. Nílé, àwọn kan fi lẹ́tà bínú sí i nínú ìwé ìròyìn West Africa ní 1954, pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún. Àwọn tó yìn ín rí àjèjì èdè, wọ́n pè é ní ẹwà. Àwọn tó bú u rí àṣìṣe, wọ́n pè é ní ìtìjú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ìwọ̀nba nínú wọn ló béèrè irú gbólóhùn Yorùbá tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì náà.

She Would Be King: Ìtàn àràmàǹdà padà sílé

Ní 2018, Wayétu Moore, tí a bí ní Làìbéríà, gbé ìwé yìí jáde ní Amẹ́ríkà. Ìtàn ìdásílẹ̀ Làìbéríà ni, ṣùgbọ́n agbára àràmàǹdà wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Gbessa, ọmọ Vai tí wọ́n pè ní àjẹ́, kò lè kú. June Dey ní agbára tó ju ti ènìyàn lọ. Norman Aragon lè di àwámárìídìí lójú ẹni. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ìtàn. Ó rọrùn fún lámèyítọ́ láti fi orúkọ tí a yá láti Látìn Amẹ́ríkà pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka Fágúnwà láti 1938 mọ̀ pé ọ̀nà náà kò jìnnà sí ilé. Ìbéèrè tó yẹ ni èyí: inú ìgbàgbọ́ wo, àti inú ìṣọwọ́sọ̀tàn èdè wo, ni afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti jáde?

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó jáde. Èkíní, orúkọ ilé-ìtẹ̀wé kì í ṣe ẹ̀rí ìjójúlówó ìwé. Èkejì, ẹ̀yà ìtàn ni kí a fi òfin rẹ̀ dá lẹ́jọ́: kí a béèrè bóyá ìtàn ọ̀daràn mú òǹkàwé dúró, bóyá ayé ìtàn àràmàǹdà ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a tó pe gbólóhùn kan ní àṣìṣe, kí a kọ́kọ́ wádìí èdè tó bí i. Ìwé tí a tẹ̀ ní ẹ̀dà díẹ̀ kì í pẹ́ lọ́jà. Bí kò bá sí ẹni tó ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ nígbà tó wà ní àrọ́wọ́tó, èdè tí a kó sínú rẹ̀ lè bá a lọ, kí ó sì tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnìkan tó tún bèèrè rẹ̀, bí ti Walters.