Ìtàn Májèlé Inú Ẹ̀gẹ́

Ní ọdún tí mo fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo wà ní Arimogija lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Gààrí ni a ń ṣe, kí a lè tà á, kí n lè rí owó wọlé ìwé. A ti bó ẹ̀gẹ́, a ti rin ín, a ti dì í sínú àpò, nígbà tí oníbàárà kan gbé ọkọ̀ dé láti ọ̀nà Ifọ̀n. Ó ní, "Ìyá, bí ẹ bá lè yan án lóru òní, n ó kó gbogbo rẹ̀ lọ́la, n ó sì fi owó lé e fún yín." Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà mi orí. Ó ní, "Kò tíì kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì jáde." Oníbàárà bínú lọ. Èmi náà bínú, mo sọ nínú ara mi pé àwọn àgbà fẹ́ràn wàhálà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí a tó rí ẹlòmíràn tó rà á, owó tó san kò sì tó ti ẹni àkọ́kọ́.

Kí ni "ohun tó wà nínú rẹ̀" yìí? Bí mo bá bi Ìyá àgbà ní ọjọ́ náà, kò lè pè é lórúkọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá a kiri nínú ìwé, mo sì rí i pé ìtàn gígùn ni.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbìn ín, àwọn Pọtogí ni wọ́n sì gbé e wá sí etíkun Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Ó pẹ́ kí àwọn baba wa tó kà á sí oúnjẹ gidi, nítorí iṣu ni ọba oko. Àwọn òpìtàn gbà pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni gààrí ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kálẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú padà dé láti Bràsíìlì àti Sàró. Kì í ṣe igi ẹ̀gẹ́ ni ẹrù wọn tó níye lórí jù, bí kò ṣe ọgbọ́n bí a ti í ṣe é kí ó má pa ni. Lónìí, àlejò náà ti di ọmọ onílé. Ó ń jẹ́ ẹ̀gẹ́, ó ń jẹ́ pákí, ó ń jẹ́ gbágùúdá, kò sì sí oko kan ní agbègbè wa tí ẹ kò ní bá a.

Inú ẹ̀gẹ́ tútù ni èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Ẹ́ńsáìmù kan wà nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri là wọ́n láàárín. Nígbà tí ẹranko bá gé ẹ̀gẹ́ jẹ, tàbí tí a bá rin ín, ògiri náà a wó, àwọn méjèèjì a pàdé, sáyánáìdì a sì jáde. Ìdí nìyí tí ewúrẹ́ tó bá mu omi ẹ̀gẹ́ fi ń kú kí ẹni tó ni ín tó dé. Ẹ wá wo iṣẹ́ àwọn ìyá wa. Rírin ni ó ń wó ògiri. Ọjọ́ tí a fi í sílẹ̀ nínú àpò ni ó ń fún ẹ́ńsáìmù láàyè láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Òkúta tí a gbé lé e ń fún omi olóró jáde. Iná abẹ́ agbada sì ń lé èyí tó kù lọ, nítorí sáyánáìdì a máa di afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n 26 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí oòrùn ọ̀sán wa máa ń jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn se ẹ̀gẹ́ kíkorò lódidi, iná yóò pa ẹ́ńsáìmù náà kí ó tó ṣiṣẹ́, linamarin yóò sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé èyí tó bá ṣẹ́kù wọ inú ara. Láti inú ìfun ni ó ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Apá kan linamarin a gba inú kíndìnrín kọjá sínú ìtọ̀ bí ó ti wọlé. Apá kejì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ń tú, tí sáyánáìdì sì ń ti ibẹ̀ jáde. Sáyánáìdì a dí ọ̀nà tí ara fi ń lo afẹ́fẹ́ tí a mí sínú: ènìyàn ń mí, ṣùgbọ́n ara kò rí èémí náà lò. Bí ó bá pọ̀, ikú ni. Bí ó bá kéré, ara kò káwọ́ gbera. Inú ẹ̀dọ̀ ni ẹ́ńsáìmù kan wà tí a ń pè ní rhodanese, tí Lang ará Jámánì ròyìn rẹ̀ ní ọdún 1933. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so imí-ọjọ́ mọ́ sáyánáìdì, kí ó sọ ọ́ di thiocyanate, tí oró rẹ̀ kéré jìnnà. Thiocyanate yìí ni kíndìnrín ń dà jáde pẹ̀lú ìtọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Níbo ni ara ti ń rí imí-ọjọ́? Nínú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ni. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ gààrí tòun ti ẹ̀wà tàbí ẹja ń fún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní irinṣẹ́. Ẹni tó ń mu gààrí lásán láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ ń rán ẹ̀dọ̀ ní iṣẹ́ láìfún un ní ọkọ́ àti àdá. Thiocyanate pàápàá, bí ó bá pọ̀ jù, a máa dí áyọ́dìn lọ́nà, gẹ̀gẹ̀ a sì yọ lọ́rùn ẹni tí áyọ́dìn kò tó nínú oúnjẹ rẹ̀.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ ìwé ìṣègùn ayé láti ilẹ̀ Yorùbá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹsí ní Èkìtì, tí a bí ní 1935, tó sì kú ní 1995. Láti Ìbàdàn ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ àwọn aláìsàn wò ní ọdún 1960 sókè, pàápàá ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn náà ń kú tipiri, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, etí àwọn mìíràn sì di. Ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ wọn lójoojúmọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó rí thiocyanate púpọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn padà sí Òṣóṣà, ìlú Hubert Ogunde, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé ènìyàn 6 nínú 100 ni àìsàn náà ṣì wà lára wọn. Síbẹ̀, àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ náà wá rí ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń jẹ sáyánáìdì púpọ̀ tí àìsàn náà kò sì wọ́pọ̀, ìyẹn ni iyàn lórí ohun tó fà á kò fi tíì parí.

Iyàn kò sí ní ti Mòsáḿbíìkì. Ní Nampula, ní ọdún 1981, ọ̀dá dá, ebi dé, àwọn ènìyàn kò sì lè dúró kí ẹ̀gẹ́ kíkorò gbẹ dáadáa nínú oòrùn kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹja. Ẹsẹ̀ àwọn tó ju 1,000 lọ rọ, ọmọdé àti obìnrin ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ tí ayé ń pe àìsàn náà lónìí ni konzo, ọ̀rọ̀ àwọn Yaka ní Kóńgò, tó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ tí a so. Àwọn tó ń jìyà rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ, kí dókítà kankan tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1938.

Èmi kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá jẹ gààrí ọjọ́ kan ni yóò rọ lẹ́sẹ̀. Ara a máa ṣe tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń jẹ ẹ́ láìsí ewu. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́ ìpín méjì: ìyá ń ṣe apá kan lóde, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń ṣe ìyókù nínú. Bí ìyá bá fi ìkánjú dín tirẹ̀ kù nítorí owó, ara ẹni tó tálákà jù, tí kò rí ẹja fi jẹ ẹ́, ni yóò ru ẹrù náà.

Nígbà tí mo padà sí Arimogija, mo sọ ohun tí mo kà fún Ìyá àgbà, títí dórí rhodanese. Ó fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ní, "Ìyẹn ni pé ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Mo sì tọrọ àforíjì fún ìbínú ọjọ́ tí ọkọ̀ dé.