Ọmú Ni Ìwé

Òkèhò kò jìnnà sí Ìwéré-Ilé, ìlú wa, ìtàn ogun oṣù kẹwàá ọdún 1916 sì ni bàbá mi fẹ́ràn jù. A máa sọ bí ará Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn ṣe kọ ìjọba Captain Ross, ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí wọ́n ṣe pa Ọnjọ, ọba Òkèhò. Bí ṣọ́jà ṣe dé. Bí Òkèhò ṣe ṣí kúrò lórí òkè lọ́dún 1917. N kò gbọ́ orúkọ obìnrin kan níbẹ̀.

Èlùbọ́ ni ìyá àgbà mi ń tà lọ sí Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta. Bó bá ń kù ú, ìtàn tirẹ̀ ló máa ń sọ.

Láti 1918 ni owó orí ti wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 16, obìnrin ní 15. Ìyàwó ilé ń dá tirẹ̀ san yàtọ̀ sí ti ọkọ, ọjà ì báà tà, ì báà má tà. Ṣùgbọ́n ta ló kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀ nígbà náà? Agbowó-orí a já wọlé, a ní kí ọmọbìnrin bọ́ aṣọ. Bí ọmú bá ti yọ, ó ti di ẹni tí ń sanwó. "Ọmú ni ìwé," ni ìyá àgbà ń wí, a sì pòṣé.

Lọ́dún 1929, ìbọn ìjọba pa obìnrin tó lé ní 50 nílẹ̀ Ìgbò àti Ìbíbíò torí ọ̀rọ̀ owó orí. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ gba àwọn ọlọ́jà mọ́ra, tó sì di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta lọ́dún 1946, wọn ò bẹ̀rù. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, nǹkan bí 10,000 obìnrin sùn síwájú ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá, mọ́jú. Ìyá àgbà ní wọ́n tilẹ̀ gbé Orò sí wọn. Lọ́dọ̀ wa, bí Orò bá ti ké, obìnrin a ti ilẹ̀kùn. Obìnrin Ẹ̀gbá ò sá.

Ní oṣù keje ọdún 1948, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, ó fi orí oyè sílẹ̀.

Ogun bàbá mi pa ọba, ó ṣí ìlú nídìí, owó orí ò sì yé dé. Ogun ìyá àgbà mi ò yìnbọn kankan, owó orí obìnrin sì kúrò l'Ábẹ́òkúta.