Ohun tí Ẹrẹ̀ Odò Mọ̀: Ìtàn Wíwọn Oró nínú Omi àti Ẹja

Ìtàn àwọn baba wa, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé-ìwé ni a sábà máa ń kà nínú irú ìwé báyìí. Ti odò ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí: bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ láti bi ẹrẹ̀ àti ẹja léèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ dà sínú omi. Ọ̀nà jíjìn ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dé ẹnu ọ̀nà wa.

Omi kì í dúró. Bí a bá bu ìgò omi kan fún àyẹ̀wò lónìí, ó lè mọ́ lóló, nígbà tí oró tí a dà sínú rẹ̀ lánàá ti ṣàn lọ. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ni kì í tètè lọ. Òjé, mẹ́kúrì àti irú wọn a máa lẹ̀ mọ́ ọn, ìpele kan lórí èkejì, bí ẹni ń kọ gbèsè sínú ìwé. Kòkòrò a jẹ nínú ẹrẹ̀, ẹja kékeré a jẹ kòkòrò, ẹja ńlá a jẹ ẹja kékeré. Mẹ́kúrì a sì máa pọ̀ sí i lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí yóò fi dé inú àwo ọbẹ̀.

Ìlú Minamata ní Japan ni ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Láti ọdún 1932 ni ilé-iṣẹ́ Chisso ti ń lo mẹ́kúrì níbẹ̀, tí ó sì ń da omi ìdọ̀tí rẹ̀ sí ibi tí àwọn ará ìlú ti ń pẹja. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì, wọ́n ń yí bí ẹni ń jó, wọ́n sì ń kú. Lẹ́yìn náà ni ó kan ènìyàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù May ọdún 1956, Dókítà Hosokawa Hajime, ọ̀gá ilé-ìwòsàn ilé-iṣẹ́ náà gan-an, fi tó ìjọba létí pé àrùn kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ti dé. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Kumamoto wọn ẹrẹ̀ tí ó wà lẹ́nu ojú-àgbàrá ilé-iṣẹ́ náà, mẹ́kúrì tí ó wà nínú tọ́ọ̀nù ẹrẹ̀ kan lé ní kílò méjì.

Ní ọdún 1959, Dókítà Hosokawa fi omi ìdọ̀tí náà sínú oúnjẹ ológbò kan. Ológbò náà sì kó àrùn ọ̀hún. Ilé-iṣẹ́ bo èsì náà mọ́lẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n tó dáwọ́ ìdàmísí náà dúró. Lójú tèmi, ibi tí ó dunni jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí: wọ́n ti wọ̀n ọ́n, èsì sì ti jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó jẹ̀bi ni ìwé èsì náà wà.

Ọdún 1956 yìí kan náà ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní orílẹ̀-èdè tiwa. Nígbà tí ó di ọdún 1958 wọ́n ti rí i ní ilẹ̀ Ogoni. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí àyẹ̀wò ńlá kan tó wáyé níbẹ̀. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí àyíká, èyí tí a ń pè ní UNEP, fi oṣù mẹ́rìnlá ṣe é, ó ṣe àyẹ̀wò ní ibi tí ó lé ní 200, ó sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù August ọdún 2011. (Ilé-iṣẹ́ epo ni ó san owó iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n wà.) Ní Nisisioken Ogale, benzene tí ó wà nínú kànga tí àwọn ènìyàn ń mu fi ìlọ́po 900 ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ lọ. Ti ẹja ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ẹ̀rù ń ba àwọn ará ìlú pé epo ti kún ara ẹja. UNEP kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó rí ni pé ẹja ń sá kúrò níbi tí omi ti bàjẹ́, apẹja sì ní láti tẹ̀ lé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọn ẹja nìkan, tí kò wọn ẹrẹ̀, lè sọ pé kò sí ewu.

Ní Bodo, ní ilẹ̀ Ogoni yìí náà, epo ya nínú páìpù lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 2008. Iye epo tí Shell sọ pé ó ya kò tó ìdá díẹ̀ nínú èyí tí àwọn ará ìlú ní ó jẹ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí London, Shell gbà nígbẹ̀yìn pé iye náà ju èyí tí òun kọ́kọ́ sọ lọ, ó sì gbà ní oṣù January ọdún 2015 láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn.

Ẹlòmíràn yóò ní, kí ni èyí kan Ẹ̀gbẹ̀, nígbà tí a kò ní kànga epo? Ilẹ̀ Yàgbà ní tantalite, ó ní wúrà, a sì ti ń wà wọ́n tipẹ́. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọdé tí ó lé ní 400. Ní ọdún 2015 ó tún ṣẹlẹ̀ ní Shikira, ní ìpínlẹ̀ Niger tí ó bá wa pààlà, ọmọdé 28 sì kú. Èmi kò sọ pé odò wa ti bàjẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ó bá bàjẹ́ lọ́la, a ó nílò ìwé tí yóò fi hàn bí ó ti rí lónìí.

Mo bẹ Ẹgbẹ́ wa, nítorí náà, kí ìpàdé ọdún yìí yan mélòó kan nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́míkà ní yunifásítì. Kí wọ́n bu ẹrẹ̀ lókè ibi ìwakùsà àti nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò. Kí wọ́n ra àrọ̀ àti epìyà lọ́wọ́ àwọn apẹja odò wa. Kí wọ́n pín ohun kọ̀ọ̀kan sí méjì fún yàrá àyẹ̀wò méjì tí kò mọ ara wọn. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní iṣẹ́ mìíràn ni kí a kọ́kọ́ fi owó wa ṣe, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ náà ṣeé ṣe lọ́dún tí ń bọ̀, nígbà tí ìwọ̀n àkọ́kọ́ kò ṣeé mú mọ́ bí ìwakùsà bá ti gbilẹ̀. Kí a tẹ èsì náà sínú ìwé ọdọọdún yìí, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, ọ̀kan ní Titcombe College, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ka wa lẹ́yìn odi.