Ìwé Sòbìà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe ni à á ké sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òwe lásán ni mo ka èyí sí, títí mo fi rí àbúrò bàbá mi ní ẹ̀yìnkùlé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kan, tí ó ń fi igi tín-ín-rín wé aràn funfun tí ń yọ ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wé e lójoojúmọ́, nítorí pé bí ó bá já sínú, ìyọnu dé. Iṣẹ́ oko rẹ̀ dúró lọ́dún náà. Kò sì sí ẹni tí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Báwo ni ẹni tí kò lè rìn dé ìdí àgbàrá yóò ṣe rin ibùsọ̀ méje lọ gba oògùn tí kò sí?

Nínú ìwé ìjọba ìgbà náà, ẹni tí ó bá dé ilé ìwòsàn nìkan ni aláìsàn. Àbúrò bàbá mi kò sí nínú ìwé náà.

Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera kan sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè gbé láàárín ará oko. Ní Ìdèrè tí kò jìnnà sí ibẹ̀, àwọn olùkọ́ ìlera láti yunifásítì yìí kan náà jókòó ti àwọn ará ìlú, wọ́n sì bi wọ́n léèrè nípa sòbìà. Àwọn ará ìlú mọ àsìkò rẹ̀, wọ́n mọ iye ọ̀sẹ̀ tí ó fi ń dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀, wọ́n sì mọ ilé tí ó ti ń jà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé inú ara ni ó ń gbé láti ọjọ́ ìbí, bí iṣan. Èmi kò bá wọn wí. Láàárín ìgbà tí ènìyàn mu omi ọ̀gọ̀dọ̀ àti ìgbà tí aràn yọ, ó tó ọdún kan. Ta ni yóò rántí omi èṣí? Olúkúlùkù mú èyí tí ó mọ̀ wá. Àwọn aránṣọ ìlú rán asẹ́ aláṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ó jẹ́ ọmọ ìlú sì ń tà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ilé ni ó rà á.

Ní ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni ìwé ìjọba ń kà lọ́dún. Nígbà tí àwọn olùkànìyàn wá lọ láti abúlé dé abúlé ní nǹkan bí ọdún 1988, iye tí wọ́n rí lé ní 650,000. Kì í ṣe pé sòbìà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbèrú. Ọ̀dọ̀ aláìsàn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ béèrè. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìwé lé àwọn ará abúlé lọ́wọ́, kí wọ́n máa kọ ẹni tí ó bá ń ṣe sílẹ̀ lóṣooṣù. Ní 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Èyí tóbi, n kò sì fẹ́ bù ú kù. Ṣùgbọ́n ìpàdé Alma-Ata ti ọdún 1978 sọ pé ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn ni láti lọ́wọ́ sí gbígbé ètò ìlera wọn kalẹ̀, ìyẹn sì ju pé kí wọ́n máa ka àrùn tí ẹlòmíràn ti yàn. Mo bá ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ ìwé náà sọ̀rọ̀ nígbà kan. Ó ní bí ó bá ṣe ti òun ni, ibà àwọn ọmọdé àti ikú àwọn aboyún lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni òun ìbá kọ́kọ́ kọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ ọ́. Ó ní ìwé sòbìà ni wọ́n fún òun.