Ọpọ́n Ayò Inú Kọ̀ǹpútà

Ní Ìkòtún, a mọ àsọtẹ́lẹ̀ dáadáa. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ka iye òkú tí wọ́n ní Kòrónà máa pa sí ìran tí wòlíì rí. Lóṣù kẹrin ọdún 2020, àjọ tó ń rí sí ọrọ̀ ajé Áfíríkà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé àwọn tó máa kú ní Áfíríkà lè ju 300,000 lọ, ó sì lè tó mílíọ̀nù 3.3. Nígbà tí a ò rí òkú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ní irọ́ ni. Gbólóhùn kan ló bọ́ sọnù lójú ọ̀nà: mílíọ̀nù 3.3 yẹn wà fún bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣe ohunkóhun láti dènà àrùn náà. Kọ̀ǹpútà ò ríran. "Bí ẹ bá ṣe báyìí, báyìí ló máa rí" ni gbogbo ohun tó lè sọ.

Irú ìṣirò yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà lọ́dún 1897. Lẹ́yìn náà, William MacGregor, dókítà tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, bẹ̀rẹ̀ sí í dí irà, ó sì ń pín kíníní. Ìbéèrè tó ń yọ irú iṣẹ́ yẹn lẹ́nu ni pé, ta ló lè pa gbogbo ẹ̀fọn tán? Nígbà tó fi máa di 1911, Ross ti fi ìṣirò dáhùn: kò pọn dandan. Bí ẹ̀fọn bá ti dín kù kọjá ìwọ̀n kan, ibà fúnra rẹ̀ á máa kú lọ.

Láàárín àwọn ọdún 1950, George Macdonald wo ọjọ́ ayé ẹ̀fọn. Kòkòrò ibà ń lo nǹkan bí ọjọ́ 10 nínú ẹ̀fọn kó tó lè ran èèyàn. Ká ní ẹ̀fọn 100 gbé e lónìí, tí ìdámẹ́wàá àwọn tó kù sì ń kú lójoojúmọ́: nǹkan bí 35 ló máa kù lọ́jọ́ kẹwàá. Bó bá jẹ́ ìdámárùn-ún ló ń kú, 11 péré. (Ẹ fi fóònù yín ṣe é wò.)

Ti Gárkì ló wá wù mí jù. Láti 1969 sí 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣiṣẹ́ láwọn abúlé Gárkì, ní Ìpínlẹ̀ Kánò ìgbà yẹn, tó ti di Jigawa báyìí. Lọ́dún 1974, Dietz, Molineaux àti Thomas gbé ìṣirò ibà wọn jáde. Ẹ fojú inú wo ọpọ́n ayò oníhò méje. Ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan dúró fún èèyàn. Ihò kan wà fún ẹni tí kòkòrò ò tíì wọ ara rẹ̀, òmíràn fún ẹni tó ti wọ̀ lára àmọ́ tí kò tíì hàn, òmíràn fún ẹni tó lè kó o ran ẹ̀fọn, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ara wọn ti mọ bí a ṣe ń bá ibà jà. Kọ̀ǹpútà á wo òfin tí wọ́n fún un: mélòó ló máa kúrò nínú ihò yìí bọ́ sí ìyẹn? Bí ẹ̀fọn bá pọ̀, púpọ̀ á kọjá. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, díẹ̀ ni. Á gbé wọn, á tún wọn kà, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí awo kankan níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó fi ju àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi lọ ni pé kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í jí ọmọ ayò.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé àwòrán mèremère wá sípàdé àwọn onílé ní Ìgàndò, ìyá aláta lè béèrè láìtijú pé: ihò mélòó ló wà níbẹ̀, ta ló sì sọ iye tó máa kọjá?

Ní Gárkì, wọ́n fín oògùn sínú ilé, wọ́n sì pín oògùn ibà. Ibà dín kù gan-an níbi tí wọ́n ti lo méjèèjì, àmọ́ kò tán, ó sì padà nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 1980. Iye tí ìṣirò mú wá àti iye tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé wà níbẹ̀ pọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè rí ibi tí wọ́n ti bára mu àti ibi tí wọn ò ti bára mu.