Ẹjọ́ Anini: fíìmù tó yẹ ká ti ṣe 🧵

1/ Ẹ ti wo Find Me Guilty (2006)? Ìtàn tòótọ́ ni. Ní New Jersey, oṣù 21 ni wọ́n fi ṣẹjọ́ àwọn 20 tí wọ́n ní wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ máfíà Lucchese. Ní 1988, júrì dá gbogbo wọn sílẹ̀!

2/ Tiwa ńkọ́? Wọ́n mú Lawrence Anini, olè tó da Benin rú, ní December 1986. Kò pé oṣù mẹ́rin, wọ́n ti yìnbọn pa á.

3/ Ẹ wo ẹni tí wọ́n jọ pa: George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá, DSP! Anini fúnra ẹ̀ ló tú àṣírí ẹ̀. Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

4/ Lójú tèmi, oṣù 21 ti pọ̀ jù. Àmọ́ ọlọ́pàá mélòó ló tún mọ̀ sí i? Òkú kì í rojọ́.